Kí O Tó Ra Pìánò ní Àjàṣẹ́

Àwẹ̀ró, má tíì san owó.
Mo gbọ́ pé o ti rí kan lẹ́yìn ọjà Wàndó,
dúdú, tó ń dán bíi bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó,
pé o ti ń wo ibi tí wàá gbé e sí lẹ́bàá fèrèsé.
Jókòó ná.

Ojú kọ́ la fi ń ra pìánò.
Ṣí ìdérí rẹ̀, kí o ti imú bọ inú.
Bó bá ń rùn bí ìwé àtijọ́, ó dára.
Bó bá ń rùn bí ìtọ̀ eku, béèrè iye tí wọ́n jẹ́.
Fi ìka kan igi ìdí rẹ̀:
kó, kó, ara rẹ̀ le.
Fù, fù, ikán ti jẹun alẹ́ níbẹ̀,
ọ̀dà nìkan ló kù tó ń jẹ́ pìánò.

Tẹ gbogbo eyín rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún,
gbogbo méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Ọlọ́jà yóò ní oòrùn ń mú. Ní kó wá ibòòji.
Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ṣáko, a lè mú un padà sílé;
ṣùgbọ́n bí ìṣó tó di okùn mú bá ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje,
dìde, dúpẹ́, gba ilé lọ.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú ni mo fi ra tèmi.
Ilé àwọn Monteru ní Ataké, lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn.
Wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i lára, wọ́n fi idẹ ṣe ọwọ́ àbẹ́là.
Ọwọ́ àbẹ́là yẹn ló pa mí.
Fẹlisíta ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ kún owó mi,
ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e, ọ̀kan ń bú mi títí dé ẹnu ọ̀nà.
Alẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá.
Kò dáhùn. Eku kan jáde.
Fẹlisíta rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Bí tìrẹ bá délé, jìnnà sí fèrèsé.
Ọ̀sà ń mí wọlé lóru, igi a mu ún, a wú;
ọyẹ́ a dé, igi a sún kì, a là.
Abọ́ omi kan nísàlẹ̀ rẹ̀ lóṣù Ọ̀pẹ,
má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e lórí,
títí kan ìyá rẹ.

Kíkọ́ ńkọ́? Gé èékánná.
Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún.
Oríkì rẹ ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀: Àwẹ̀ró,
dò, dò, mí.
Tẹ̀ ẹ́ títí aládùúgbò yóò fi jẹ́ ẹ fún ọ.
Láàárín «wẹ̀» àti «ró», ẹnu wa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀;
pìánò a fò ó. Àkàsọ̀ ló ní, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Etí rẹ ni yóò máa bá a rìn ibi tó fò.

Ọwọ́ òsì, tí a kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà,
òun gan-an ni kí o bẹ̀.
Fún un níṣẹ́ tirẹ̀, kí ọ̀tún sùn lórí itan.
Òun ló ń ru ilé; ọ̀tún kàn ń fi aṣọ hàn ni.
Bí iná bá lọ, má dìde.

O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣì yadi,
èmi tí mò ń tún ti gbogbo Àjàṣẹ́ ṣe.
Okùn rẹ̀ wà nínú àpótí mi, ó ti pé ọdún mọ́kànlá.
Ibẹ̀ ni Fẹlisíta máa ń fi ìka kàn bó bá ń lọ sí ilé ìdáná,
tí yóò ní, «Ẹ kú ilé o, eku.»

Ọjọ́bọ̀ ni kí o wá mú mi.
Sọ fún ọlọ́jà pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń bọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Wá ọlọ́kadà tí kì í sáré.
Fi owó sílẹ̀ nílé.